Ìyá Ọkọ Inú Ìwé Mi

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ilé kan ni mí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin níbí, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ mi pamọ́.

Ẹ ní ká sọ ìwé tí à ń kà lọ́wọ́. Ìtàn ìyá ọkọ burúkú kan ni tèmi, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí èmi àti ìyá ọkọ mi bá jókòó tí à ń ṣa kajú, mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n pe obìnrin inú ìwé náà ní ìyá ọkọ, mo sọ ọ́ di aládùúgbò.

Lánàá, Màmá rẹ́rìn-ín. “Aládùúgbò wo ló ń ka ẹran inú ìkòkò ẹni? Ìyá ọkọ nìyẹn. Tèmi náà ka ẹran inú ìkòkò mi. Máa sọ ọ́ bó ṣe wà.”

Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àmọ́ mo ti yọjú wo ìparí ìwé náà: ìyàwó ló lé ìyá ọkọ jáde nílé. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ ìyẹn náà bó ṣe wà?