Ẹni Tí Kò Gbà Pé Òkú Ló Dá Mọ́tò Dúró: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Díákónì Matthias Àyìnlá Oyèdòkun (1948–2019)

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Bàbá wa, Díákónì Matthias Àyìnlá Oyèdòkun, nínú oṣù kẹjọ ọdún 1948. Ọjọ́ náà gan-an kò yé ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé iṣu tuntun ti dé ọjà, òjò sì ti dá díẹ̀. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni Olóògbé Josiah Oyèdòkun, tó ń ṣòwò obì lọ sí Òkè Ọya. Ìyá wọn ni Olóògbé Dọ́kásì Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ méjì ló yè fún ìyá náà: Paul Àkànbí ni àkọ́bí, Matthias Àyìnlá sì ni àbígbẹ̀yìn.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Bàbá lọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1962. Paul ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Kaduna nígbà náà. Paul ló ránṣẹ́ pè wọ́n ní ọdún 1964, tó fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá Hausa kan ní Tudun Wada, tó ń bọ́ wọn, tó ń ra bàtà fún wọn, títí wọ́n fi gba òmìnira ní ọdún 1970. Bàbá máa ń wí pé àwọn ti gbọ́ Hausa kí àwọn tó mọ orúkọ gbogbo sípánà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí Paul jẹ́ fún wọn kò ní lóye ìtàn yìí.

Ní ọdún 1976, Bàbá gbé Arábìnrin Olúyẹ́misí, olùkọ́ni, níyàwó. Màmá wa sọ pé gbogbo ọṣẹ tó wà ní Kaduna kò mú gíríìsì kúrò lábẹ́ èékánná ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Olúwa fi ọmọ mẹ́rin jíǹkí wọn.

Lẹ́yìn ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000, Bàbá kó irinṣẹ́ wọn kúrò ní Tudun Wada wá sí Kudenda. Ibẹ̀ ni òkìkí wọn ti kàn. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ti kọjú sí àwọn mọ́tò tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí. Bàbá ní kí wọ́n máa kó àwọn arúgbó wá fún àwọn: Pijó 404, Bẹ́dífọ́ọ̀dù, Fóòsì oníjàpá. Àwọn Hausa sọ wọ́n ní Baba Mai Tsofaffi, bàbá àwọn àtijọ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ wọn ju Díákónì lọ.

Bí ẹnìkan bá wọ́ mọ́tò tí kò sítáàtì dé ọ̀dọ̀ wọn, Bàbá kì í kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Awakọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi léèrè. Ṣé àárọ̀ ló ń kọ̀ àbí ọ̀sán? Ṣé ìgbà tó tutù ni àbí ìgbà tó ti rìn? Ṣé òjò rọ̀ lánàá? Olùkọ́ kan wọ́ oníjàpá rẹ̀ wá láti Mando lásìkò òjò. Ó ti ra bátìrì tuntun, ó ti ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Bàbá ṣí ọmọrí ibi tí iná ti ń pín sí àwọn púlọ́ọ̀gì, wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n jẹ ẹ̀pà díẹ̀, mọ́tò sì sítáàtì. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé, “Má pààrọ̀ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dáa, o ò ní mọ èyí tó tún un ṣe.” Wọn kò bí ọgbọ́n yìí mọ́ wọn o. Ìyà ló kọ́ wọn, ìyà ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹbí kò fẹ́ kí á kọ ohun tó kàn yìí sínú ìwé ìsìnkú. Bàbá ló ní kí á kọ ọ́, a ó sì kọ ọ́.

Nínú oṣù kẹta ọdún 2003, Olóògbé Paul Àkànbí dágbére fáyé ní Kaduna lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ó ku aya rẹ̀, Màmá Stella, àti ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, Ọpẹ́mipọ̀. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Òkè Ọya kì í sábà sin òkú wa sí àjò, bí a bá lè gbé e délé. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní ọkọ̀ agbókùú kan, Pijó 504 gígùn. Bàbá ló ń tọ́jú rẹ̀, àwọn náà ló sì ń wà á. Ìdájí ni ọkọ̀ náà máa ń gbéra, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ìsìn pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn sì ti mú kí wọ́n tó kúrò. Olórí ẹbí, Bàbá Badrudeen, jókòó níwájú. Màmá Stella jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ọkọ wọn, pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí méjì.

Ní Mọ́kwà, wọ́n dúró jẹun. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà kúrò níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Bàbá yọ púlọ́ọ̀gì wò, iná wà. Wọ́n wo táńkì, epo wà. Mọ́tò kọ̀. Ẹni tó bá ti gbé òkú rìnrìn àjò rí mọ ibi tí ọkàn àwọn èèyàn máa ń lọ bí ọkọ̀ òkú bá dúró lójú ọ̀nà: wọ́n á ní òkú ń bínú sí ẹni tó pa á. Bàbá Badrudeen sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ lu pósí: “Àkànbí, kí ló dé? Ta ló ṣẹ̀ ọ́? Jọ̀wọ́, jẹ́ ká máa relé.” Mọ́tò kò dáhùn. Àwọn àgbà ní kí Màmá Stella kúnlẹ̀ kí wọ́n bẹ ọkọ wọn. Màmá Stella kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná, wọ́n bẹ̀ títí ohùn wọn fi há. Mọ́tò kò dáhùn. Ìgbà náà ni Bàbá Badrudeen sọ pé, “Ìwọ obìnrin yìí, bọ́ sí ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún, ká wò ó.” Màmá Stella rìn lọ sábẹ́ igi kan. Àwọn àgbà ní kí Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò sítáàtì.

Ohun tí gbogbo ojú rí nìyẹn. Ọkọ̀ èrò ni Màmá Stella wọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́, agbo ilé kò sì gbà wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n padà sí Kaduna, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kò jókòó tì wọ́n mọ́. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ni Màmá Stella ń rán ní Kudenda. Àwọn ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ lọ síbòmíràn. Èyí tó burú jù ni pé ẹbí ránṣẹ́ pé kí Ọpẹ́mipọ̀ máa bọ̀ nílé, kó má bàa dàgbà lọ́dọ̀ ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Obìnrin fẹ́ pàdánù ọmọ nítorí mọ́tò tó kọ̀ lójú ọ̀nà! Inú ń bí wa títí dòní bí a ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bàbá dìde. Ọwọ́ wọn ló wà lórí kọ́kọ́rọ́, àwọn náà rí ohun tí gbogbo èèyàn rí, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Wọn kò fi ẹ̀rù náà pa mọ́ fún Màmá wa. Síbẹ̀, wọ́n lọ dúró láàárín ẹbí, wọ́n ní, “Mi ò mọ ohun tó ṣe mọ́tò yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí kò ṣe é. Ẹ́ńjìnnì kì í mọ opó.” Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹbí fi ọmọ sílẹ̀ títí àwọn yóò fi rí ìdí ọ̀rọ̀. Ẹbí fìlọ́ra gbà pé kó di ìgbà tí ọmọ bá parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ló kù.

Ẹ ò rí i pé ojú Bàbá rí nǹkan. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì pọ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì, wọ́n tú kàbúrétọ̀, wọ́n fọ táńkì, mọ́tò kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan ní Kaduna. Ó gbé òkú mìíràn délé láìdúró rárá, nítorí ìdájí ni wọ́n ń gbéra, ìyẹn gan-an sì di ẹ̀rí lẹ́nu àwọn èèyàn: òkú tí kò ní ẹjọ́ kì í dúró. Màmá wa ní lójú oorun pàápàá, Bàbá ń pe orúkọ sípánà. Àwọn ọ̀rẹ́ gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bàbá ní Ọlọ́run ló gbé e lé àwọn lọ́wọ́.

Nínú oṣù kẹta ọdún 2005, Alhaji Abdulganiyu, ará Ìlọrin tó ń tajà ní Kasuwan Barci, wọ́ Pijó 404 kan wá. Báyìí ni Alhaji ṣe rojọ́: “Baba Matthias, wallahi, mọ́tò yìí ti di kèfèrí. Bí mo bá gbé e lọ kírun Àsùbá, lafiya, á gbé mi padà. Bí mo bá gbé e lọ sí Àìlà báyìí, tí mo jáde, á ní òun ò lọ mọ́. Sai ó di Aláàsárì kó tó gbọ́ràn.” Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Alhaji tún un sọ.

Mọ́tò tó tutù ń lọ. Èyí tó ti rìn, tó gbóná, tó wá dúró díẹ̀ nínú oòrùn, òun ló ń kú. Bó bá sì ti tutù padà, á dìde fúnra rẹ̀. Bàbá fọwọ́ kan pọ́ńpù epo ọkọ̀ Alhaji, ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n ki akísà bọ omi, wọ́n fi bo pọ́ńpù náà, mọ́tò sì sítáàtì. Epo ló ń hó nínú rọ́bà tó ń gbé e wá. Bó bá ti hó, ó di ooru, pọ́ńpù kò sì lè fa ooru. Bàbá fi Alhaji sílẹ̀ níbi tó dúró sí, wọ́n lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ agbókùú. Rọ́bà epo rẹ̀ fara ti páìpù sílẹ́ńsà níbi tó ti ń gbóná jù. Bàbá fúnra wọn ló mú rọ́bà náà gba ibẹ̀, lọ́sẹ̀ tí Paul kú, kí ọkọ̀ lè gbé ẹ̀gbọ́n wọn délé láìyọnu. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún bí ọmọdé.

Ẹlòmíràn ìbá mú rọ́bà náà gba ibòmíràn, kó sì panu mọ́. Bàbá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá Badrudeen wá sí Kaduna fún ìsọmọlórúkọ kan lóṣù yẹn kan náà, Bàbá sì ní àwọn ni yóò gbé wọn padà sílé, nínú ọkọ̀ agbókùú. Àgbà náà figbe ta: “Èmi alààyè? Matthias, ṣé orí rẹ pé?” Bàbá dọ̀bálẹ̀, wọn kò sì dìde títí àgbà náà fi gbà. Màmá Stella náà bá wọn lọ. Ọkọ̀ gbéra nígbà tí oòrùn ti mú, gẹ́gẹ́ bíi tìjọ́sí. Wọ́n dúró jẹun ní Mọ́kwà. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn Mọ́kwà tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Kò sí òkú kankan nínú ọkọ̀.

Màmá Stella nawọ́ sí ilẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ní, “Ìyàwó wa, jókòó síbẹ̀.” Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi pọ́ńpù àti rọ́bà han Bàbá Badrudeen, wọ́n sì fa akísà tútù lé àgbà náà lọ́wọ́ pé kí wọ́n fi bò ó fúnra wọn. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò sítáàtì, opó sì wà nínú rẹ̀. Bàbá wá sọ èyí tó le jù: “Èmi ni mo mú rọ́bà yẹn gba ibẹ̀. Ọwọ́ mi ló dá ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ọwọ́ obìnrin yìí.” Nígbà tí wọ́n délé, àgbà náà ní kí gbogbo agbo ilé jáde, wọ́n fa Màmá Stella lọ́wọ́ wọlé, wọ́n sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo èèyàn. Ọpẹ́mipọ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́. Ó ti di nọ́ọ̀sì lónìí.

Ní ọdún 2007, ìjọ wa ní Kudenda fi Bàbá joyè díákónì. Bí bọ́ọ̀sì ìjọ bá kọ̀, tí àwọn ará bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé e lórí, Bàbá á ṣe “Àmín” tó rinlẹ̀, wọ́n á sì lọ wò ó bóyá epo wà níbẹ̀. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ọkọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Àwọn ló mú ẹgbẹ́ fi í ṣòfin pé bí ọkọ̀ òkú bá dúró lọ́nà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ opó. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n ṣí. Òfin náà ṣì múlẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú Bàbá lọ nínú oṣù kẹwàá ọdún 2019, nígbà tí wọ́n pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bàbá tó ti gbé òkú ọ̀pọ̀ èèyàn relé ní kí á sin àwọn sí Kaduna, nítorí àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí ọ̀nà Birnin Gwari ṣeé gbà mọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ̀mí alààyè kankan bọ́ nítorí òkú.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Bàbá ni aya wọn, Màmá Olúyẹ́misí Oyèdòkun, àwọn ọmọ wọn, Mofìyìnfólúwa, Ọláìítán, Jésùtófúnmi àti Ìbídùn, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, Màmá Stella Oyèdòkun, aya ẹ̀gbọ́n wọn, Ọpẹ́mipọ̀ àti ìdílé rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Kudenda.

Ohun kan wà tí Bàbá kò rí tún ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Paul lọ́dún 2003, ẹ̀yìn ọgbà ni Màmá Stella dúró sí. Ẹbí kò jẹ́ kí wọ́n bu erùpẹ̀ sórí ọkọ wọn. Ẹbí tọrọ àforíjì lẹ́yìn ọdún méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibojì tó ti dí kò ṣeé ṣí padà, èyí sì dun Bàbá títí wọ́n fi lọ. Nítorí náà wọ́n fi àṣẹ kan sílẹ̀, Màmá wa sì fọwọ́ sí i: létí ibojì lónìí, kí àlùfáà tó pe ẹnikẹ́ni nínú wa, Màmá Stella ni kó kọ́kọ́ bu erùpẹ̀. A bẹ ẹ̀yin èèyàn wa pé kí ẹ là fún wọn kọjá.

Àyìnlá, ẹ sùn wọ̀ọ̀. Ọwọ́ tí ẹ ní kó bò yín ló ń bọ̀ yìí.