Àtíkè Tó Ba Adúmáadán Lórúkọ Jẹ́

Ojúlé Kẹtàlá, Àjà Kejì,
Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹlẹgbẹ́ mi lábẹ́ ọ̀gá kan,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí tó máa ń jẹ èékánná ti jáwọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí ṣọ́ọ̀bù, mo kí dígí ńlá tó sán létí, mo kí àga tí a jọ máa ń jà sí. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n orí ń fọ́ mi, inú sì ń bí mi. Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, o ò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé bí àwọn ará àtijọ́, tí mo sì fi rán ẹ̀gbọ́n mi awakọ̀. Yóò dé ọwọ́ rẹ lọ́la.

O ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Adúmáadán. Ta ni kò tíì gbọ́? Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí mo wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n pè é sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kó wá sọ̀rọ̀ lórí fíìmù tuntun tó ti ṣe dókítà, tí òun gan-an sì jẹ́ olórí òṣèré. Olóòtú bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó di olórí òṣèré. Ó ní ọdún mẹ́wàá lòun fi ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀, àjẹ́ àti ìyálé burúkú, torí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wá obìnrin tí ọkùnrin máa dẹnu ìfẹ́ kọ, ẹni tó bá pupa ni wọ́n ń mú. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni tó pupa jà o, àbúrò òun tí àwọn jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, apọ́nbéporẹ́ ni. Ohun tóun ń fẹ́ ni kí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú rí ara rẹ̀ nínú fíìmù kan ṣoṣo tí wọn ò ti ní rán an níṣẹ́.

Odindi wákàtí kan ló fi sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án ni wọ́n gé níbẹ̀: “Ẹni tó bá pupa ni wọ́n ń mú.” Ó parí. Àwọn kan ní ìlara ló ń dà á láàmú. Àwọn kan ní ó bú ìyá àwọn. Ọkùnrin kan tó fi fọ́tò mọ́tò síbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà ní kó lọ fọ ara rẹ̀ kó mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a ò mọ̀ bóyá ó dúdú, bóyá ó pupa, bóyá mọ́tò ni! Àwọn tó ní àwọn ń gbè é lẹ́yìn ló tún wá burú jù, wọ́n ń bú gbogbo ẹni tó pupa bí ẹni pé ó rán wọn níṣẹ́. Ó sú mi pátápátá.

Ariwo náà ti ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, àfi bí ẹnì kan ṣe lọ gbé pósítà fíìmù náà síta. Nínú pósítà yẹn, ojú Adúmáadán mọ́ ju ọrùn rẹ̀ lọ, ó sì mọ́ ju etí rẹ̀ lọ. Ni gbogbo wọn bá pariwo pé, “Ẹ wá wo alágàbàgebè! Ó ń gbèjà awọ dúdú, òun fúnra rẹ̀ ń bóra!”

Kò bóra. Èmi ni. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, àtíkè tó dúdú jù nínú àpótí mi ti tán. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rà á ní àwọn ò kó irú rẹ̀ wọlé mọ́, kì í yá lọ́jà. Mo bá po méjì mìíràn pọ̀, mo dán an wò lẹ́yìn ọwọ́ ara mi, lẹ́bàá fèrèsé, mo ní ó ti bá a mu. Ṣé o rántí bí ọ̀gá wa ṣe máa ń fi igi búrọ́ọ̀ṣì gbá wa níka? “Ojú ẹni tí ẹ fẹ́ kùn ni kí ẹ ti dán an wò, lábẹ́ iná tí wọ́n máa fi yà á!” Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣe àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n tan iná ńlá mẹ́rin yẹn, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ki orí bọ inú ìyẹ̀fun. Mo rí i, mo dákẹ́, mo ní wọ́n á tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà rò pé bí a ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi Adúmáadán, ó kàn ní iná ni. Kò dárúkọ mi. Ó ní bí òun bá dárúkọ mi, kò sẹ́ni tó máa gbé ojú fún mi kùn mọ́.

Àwọn tó ni fíìmù ti wá ní ọ̀rọ̀ náà ń ba ọjà àwọn jẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣèpàdé láti gba apá kejì fíìmù náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo mọ ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn. Kò dúdú.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìwọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ, èyí tí wọ́n ń pín kiri jù, tí àwọn olówó fíìmù tiẹ̀ tẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n gbé síwájú Adúmáadán, ni ti obìnrin kan tó ní: “Èmi tí mo ti ń kun ojú fún ogún ọdún ń sọ fún yín, èyí kì í ṣe àtíkè. Ara bíbó ni. Ẹ wo oríkèé ìka rẹ̀.” Mo wo orúkọ tó wà lókè. Mo nu awò ojú mi, mo tún un wò. Ìwọ ni! Ọ̀rẹ́ mi, oríkèé ìka wo? Ìbọ̀wọ́ dókítà ló wọ̀ nínú pósítà yẹn!

Mi ò ní fi gbogbo ẹ̀bi lé ọ lórí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo sì ti ru tèmi. Láàárọ̀ yìí mo ya fídíò ara mi, mo po àtíkè méjèèjì lójú gbogbo ayé, mo fi kun ojú ara mi, mo tan iná sí i, mo ní èmi ni mo ṣe é. Kí n tó fọ ojú tán, wọ́n ti ní wọ́n rà mí ni. Ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ rẹ dá mi lóhùn: “Ògbógi nídìí iṣẹ́ yìí ti ní ara bíbó ni, ìwọ ta ni?” Èmi ta ni! Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa tìróò!

Ṣé o rí i, wọn ò ní gbà á lẹ́nu mi. Ẹnu rẹ ló ti jáde, ẹnu rẹ náà ni wọ́n ti máa gbà á. Bá mi sọ òótọ́ síta kó tó di Ọjọ́bọ̀. O mọ awọ ara yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́jọ́ tí Adúmáadán kọ́kọ́ lọ ṣe ìdánwò eré, ta ló fi gbogbo òwúrọ̀ po dúdú mọ́ dúdú nítorí rẹ̀, tó kọ̀ jálẹ̀ láti fi èyí tó mọ́ kùn ún? Èmi ti ní kí a fi èyí tó wà ńlẹ̀ ṣe é. Ìwọ lo lé mi kúrò nídìí àga.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sọ fún èyí tó ń jẹ èékánná pé mo ń bọ̀ wá yẹ ìka rẹ̀ wò. Ọ̀gá wa àgbà ṣì wà láyé, wọ́n ti rí fídíò mi, wọ́n ní ọwọ́ ń yún wọn. Adúmáadán náà ní kí n kí ọ. Mo bi í pé, lẹ́yìn ohun tí o kọ nípa rẹ̀? Ó ní kò sí nǹkan tóun lè ṣe sí i, òun ṣì ń jẹ́ orúkọ tí o sọ òun lórí àga yẹn.

Èmi ṣì ni tìrẹ, pẹ̀lú ìbínú,
Ìyá Alátíkè.