Ìlú Tí Ẹnìkan Kò Kí Ẹnìkan

Agbo Ilé Bùkárì,
Ẹ̀sìẹ́,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
9 Oṣù Kẹwàá, 1977.

Àbúrò mi Salaudeen,

Mo kí ọ, mo kí Jàrátù ìyàwó rẹ. Kí ara yín ó le ní Èkó. Ara èmi àti ìyá wa náà le, ojú ìyá nìkan ni kò ríran mọ́. Mo ti kí ọ tán. Inú ń bí mi.

Àwòrán tí o fi rán àwọn bíríkìlà sí wa dé. Òyìnbó kan ló fi ọ̀dà olómi yà á láyé àtijọ́: ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí gíga kan ní Káírò, àti àwọn ará ìlú tí wọ́n jókòó sí ìdí ògiri rẹ̀. O ní kí wọ́n wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kí wọ́n kọ́ irú ẹnu ọ̀nà yẹn, kí àwọn ọ̀lẹ má baà máa jókòó síwájú ilé rẹ bíi tinú àwòrán.

Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n? Ọ̀kan mú abẹ lọ́wọ́: onígbàjámọ̀ ni. Obìnrin kan bo igbá rẹ̀, ó ń dúró de oníbàárà. Òyìnbó yẹn ya òkúta ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ya ojú fún ènìyàn kan ṣoṣo. Àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ wa náà jókòó. Ẹni tó gbẹ́ wọn ṣáà fún wọn lójú.

Mo ṣàlàyé àwòrán náà fún ìyá wa. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló ń kí ta níbẹ̀?" Mo wò ó títí, n kò rí ẹnìkan. Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Ẹni tó yà á kò gbọ́ èdè wọn, ó ṣe bí odi ni wọ́n."

Salaudeen, ìwọ gbọ́ èdè tiwa! Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ìyá wa fi ń ríran. Bí àwọn tó ń ti oko bọ̀ bá ní "Ẹ kúùrọ̀lẹ́," ìyá á mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú. Bí ohùn Fulera aládùúgbò wa bá há nígbà tó ń kí wọn, wọ́n á mọ̀ pé ara ọmọ rẹ̀ kò tíì yá. O fẹ́ kí wọ́n lọ jókòó sínú yàrá bí ẹrù. Owó epo rọ̀bì ń pa ọ́ bí ọtí!

Àwọn bíríkìlà ti wó òpó kan kí n tó lé wọn. Ìyá wa figbe ta pé ilé ti wó pa ènìyàn. Bí o bá fẹ́ wó èyí tó kù, wá fi ọwọ́ ara rẹ wó o.

Kí Ọlọ́run má mú ilé kúrò lọ́kàn rẹ. Kí àwọn ọmọ rẹ má ṣe irú èyí sí ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Suwebat.

Mo gbàgbé èyí: nígbà tí àwọn bíríkìlà dé, iwájú ìyá wa ni wọ́n gbà kọjá, kò sí èyí tó kí ìyá nínú wọn. Ìyá bi mí pé ará ibo nìyẹn. Mo ní, "Salaudeen ló rán wọn." Láti ọjọ́ náà, ìyá wa kò tíì dárúkọ rẹ.