Bàtà Tó Yọ́ Lẹ́sẹ̀ Bàbá Yín

Ramsbottom,
Oṣù Kejì, 2013.

Adéṣẹwà ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Longsight? Òtútù kò ní mọ ilé rẹ, ìwé tí ò ń kà ní yunifásítì kò ní sú ọ, lórúkọ Jésù. Láti ìgbà tí èmi àti bàbá yín ti kúrò lábúlé wá kí Ṣẹ̀san ẹ̀gbọ́n rẹ níbí, àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi ẹsẹ̀ bàbá yín tó ṣì kú tipiri. Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò lo fóònù, nítorí etí wọn kò kú bí ẹsẹ̀ wọn.

Lọ́jọ́ Sunday tí a parí ìsìn, o ní ọ̀rá inú ara bàbá yín kò lọ bó ṣe yẹ, ó ń kó jọ, ó ń ni àwọn sẹ́ẹ̀lì lára, iṣẹ́ wọn pọ̀ jù, títí iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára fi ń bàjẹ́. O ní kí wọ́n lọ rí dókítà. Wọ́n ní ohun tí kò dun àwọn, kí ni dókítà fẹ́ bá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi, ọmọ mi, mo ka ìwé mẹ́fà. Ọbẹ̀ tí mo gbé sínú fíríìjì Ṣẹ̀san, kí ilẹ̀ tó mọ́, òróró ti dì lójú rẹ̀. Ìlú yìí náà, fíríìjì ni. Mo ní ọ̀rá bàbá yín ló dì, ni mo bá ní kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ sí hítà oníná. Ṣẹ̀san ló kúkú ń san owó iná. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí o ní iṣẹ́ pọ̀ jù fún, àánú wọn ṣe mí, láràárọ̀ ni mo ń kí wọn ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀rá. Mi ò pè wọ́n ní ìwọ, mi ò mọ èyí tó jù mí lọ nínú wọn. Bàbá yín ló ń bá wọn jẹ́ òo.

Lánàá, mo wà ní kíṣínì, wọ́n pariwo láti pálọ̀ pé Ìyá Ṣẹ̀san, aládùúgbò wo ló ń jó táyà, òyìnbó wọ̀nyí náà dọ̀tí. Mo sáré dé, bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ wọn ló ti yọ́ mọ́ hítà, èéfín ń rú, wọ́n ṣì ń bú aládùúgbò. Mo fa ẹsẹ̀ náà kúrò, àtẹ́lẹsẹ̀ ti wú. Wọ́n wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, wọ́n wá rọra bi mí pé, ṣé ó gbóná ni?

Adéṣẹwà, ọbẹ̀ tó dì, tó bá kan iná, á mọ̀. Èyí kì í ṣe dídì.

Ṣẹ̀san gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ti fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà, dókítà ní kí a padà wá ní Thursday wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bàbá yín fúnra wọn ló ní kí o wá, kí o tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sunday yẹn sọ, pé àwọn kò gbọ́ ọ dáadáa.

Fi owó bàtà mìíràn ránṣẹ́, èyí tó nípọn nísàlẹ̀, má yọ owó bọ́ọ̀sì tìrẹ nínú rẹ̀. Olúwa á máa ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ á máa mọ ibi tó ń tẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmọ̀kẹ́.