Géètì Ọjọ́ Sátidé

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ikọ́ ìyàwó mi ti lọ. Omi ìsédò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti ń dé oko báyìí, ata Màámi sì ti so.

Àmọ́ òjò ti pọ̀ jù, ìsédò ti kún dẹ́nu. Ọ̀gá ní kí n ṣí géètì lọ́jọ́ Sátidé, kí ògiri má baà ya. Gbogbo ará ìsàlẹ̀ odò ti kó jáde, àfi Màámi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló ń ṣí i. Ṣé ó máa wá da omi lé mi lórí ni?"

Mo bẹ̀ wọ́n títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀lé awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, kí ẹ bọ̀ wálé, tiyín ni Màámi máa ń gbọ́. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀.

Màámi tún ní kí n ra iyọ̀ dání tí mo bá ṣíwọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi àbúrò yín