Gbogbo Ẹni Tí Mo Kí ní Adó

Ọjọ́ Ajé, 2 Ọ̀kitóbà 1978
Lẹ́tà Ẹnu-Abẹ dé láti Ìbàdàn. Ọ̀gá mi nìyẹn. Kí oṣù yìí tó parí, kí ilé-ìwé mẹ́wàá gbà láti máa ra ìwé wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n dá mọ́tò padà, kí n wáṣẹ́ mìíràn. Ó ní ènìyàn lọjà, kí n lọ mọ ènìyàn. Bí ẹni pé inú igbó ni mo ń gbé.

Ọjọ́rú, 4 Ọ̀kitóbà
Gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé Adó, ẹnu Ilésanmí alága wọn ni wọ́n ń wò. Bó bá ti gbà, mẹ́wàá pé. Monínú ìyàwó mi ní kí n bá òun lọ kí bàbá òun ní Ìgbẹ̀mọ, ara wọn ò yá. Mo ní ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Ọ̀kitóbà
Ìsìnkú ní Ìjìgbò. N kò mọ òkú, n kò mọ ọmọ òkú. Mo jẹ iyán wọn, mo pín káàdì ilé-iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún. Obìnrin kan fi tirẹ̀ bo ife ẹmu kí eṣinṣin má kó sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Ọ̀kitóbà
Áńgílíkà láàárọ̀, Àládùúrà lọ́sàn-án. Bàtà lẹ́sẹ̀, bàtà lọ́wọ́. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Ọ̀kitóbà
Monínú tún bẹ̀ mí. Mo bi í pé ìgbà wo ni Ìgbẹ̀mọ ra ìwé lọ́wọ́ mi rí. Ó dá wọ mọ́tò èrò lọ — tilé-iṣẹ́ sì wà níta gbangba.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Ọ̀kitóbà
Ìkómọjáde ní Ìjàn, torí mo gbọ́ pé Ilésanmí ń bọ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú! Ó béèrè ilé àna mi. Mo ní ọ̀dọ̀ Bàbá Tíṣà Òjó, Ìgbẹ̀mọ. Ojú rẹ̀ là — Bàbá ló kọ́ ọ ní A-B-D. Orí mi wú. Ó parí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 26 Ọ̀kitóbà
Kò parí. Ilésanmí pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ti lọ kí Bàbá, ó sì béèrè mi. Bàbá ní àwọn gbọ́ orúkọ mi, àwọn ò mọ̀ mí. "Ulé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Ayọ̀kúnlé," ni Ilésanmí wí fún mi. Bí Bàbá ò bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí fún mi kó tó di ọjọ́ Ajé, Akínbọ́lá tó ń ta ìwé fún ilé-iṣẹ́ kejì ló máa gba ilé-ìwé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Inú bí mi sí arúgbó yẹn títí. Lẹ́yìn náà ni mo ka ìgbà tí mo ti débẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ọdún mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan. Ojú tì mí, inú ṣì ń bí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Ọ̀kitóbà
Mo gbé iṣu márùn-ún lọ sí Ìgbẹ̀mọ. Ìwé ẹ̀rí wà nínú àpò mi, mo ti kọ ọ́ tán fúnra mi: Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ ọmọ bíbí inú mi. Bàbá ti gbẹ. Monínú ń fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ wọn, kò wojú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní mo wá kí wọn ni.

Wọ́n ní mo ṣeun. Wọ́n nawọ́ mú awò ojú wọn.

"Ùwé ọ̀ún ńkọ́, ọmọ mi? Mú un wá kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Mo mú un jáde. Wọ́n kà á sókè, Monínú ń gbọ́. Wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n tètè máa lọ, wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ń dúró dè mí.

N kò tíì jókòó.