Àwọn Tó Wà Láàárín Èmi Àti Ìwọ

Ìwéré-Ilé,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Dáúdà ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé Òkokomáíkò ò gbóná jù? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Ikọ́ tó ń ṣe mí ti lọ, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, àbúrò rẹ Maimunat sì ní kí o má gbàgbé bàtà òun.

Owó rẹ dé lọ́jọ́ Jímọ̀ bó ṣe máa ń dé. O mọ̀ pé bí èèyàn bá gbówó ọmọ ẹni wá láti Èkó, a ó fún un lómi, a ó sì bi í pé báwo ló ṣe bá a. Mo gbé omi fún Rájí tó ń tún fóònù ṣe, tó ń bá mi gba bítíkọ́ìnì, owó orí fóònù tí ò ń fi ránṣẹ́ náà, mo bi í. Ó ní òun ò rí ọ. Ẹni tó gbé e fún òun ò rí ọ, ẹni tó gbé e fún ìyẹn náà ò mọ̀ ọ́, kálukú kàn mọ ẹni tó fún un àti ẹni tí òun náà máa gbé e fún. Ó ní ọ̀nà kúkúrú wà, tí wọn ò ní yọ tó báyìí nínú owó, ṣùgbọ́n ìwọ lo yan ọ̀nà jíjìn kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá. Dáúdà, ta lò ń sá fún?

Àánú àwọn tó ń gbé e kiri ṣe mí, mo di ẹ̀kọ àti ẹja gbígbẹ pé kí Rájí fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn yẹn kì í jẹun, wọn kì í sùn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Sàmíát tó ń ta aṣọ ní Àjàńgbàdì wálé lánàá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ kó yà wò ọ́. Ó ní àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, aláǹtakùn ti ta okùn bò ó, onílé ò sì rí ọ láti ìgbà ààwẹ̀. Owó ò sì yẹ̀ ní Jímọ̀ kan, iye kan náà, àkókò kan náà. Mo bi Rájí bóyá owó lè máa bọ̀ kí ẹni tó ni ín má sí níbẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe, pé bí èèyàn bá ti pàṣẹ fún fóònù, á máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò wò mí lójú.

Páànù ilé ìdáná ti ṣí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni káfíńtà fẹ́ gbà. Jọ̀wọ́ má fi ránṣẹ́. Gbé e wá fúnra rẹ, bí kò bá sì sí, wá lọ́wọ́ òfo, kí n ṣáà rí ọ.

Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìyànà-Ìbà ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ìwọ tí ò ń kà á, bí o kì í bá ṣe Dáúdà, má bínú, gbé e fún ẹni tó kàn, kí onítọ̀hún náà gbé e fún ẹni tó kàn, títí yóò fi dé ọwọ́ ọmọ mi. Ọlọ́run á mú ọmọ tìẹ náà wálé.

Èmi ni ìyá Dáúdà,
Mùsítúrà.